Àyẹ̀wò òkú: àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń bèèrè lemọ́lemọ́, àti ìdáhùn wọn

Kí ni àyẹ̀wò òkú, ta ni ó sì ń ṣe é?

Àyẹ̀wò òkú ni kí dókítà yẹ ara ẹni tó ti kú wò láti òde dé inú, kí ó lè mọ àìsàn tàbí ìpalára tó wà lára rẹ̀, kí ó sì mọ èyí tó pa á nínú wọn. Dókítà tó kọ́ iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní patọ́lọ́jíìsì. Kì í ṣe gbogbo patọ́lọ́jíìsì ló ń bá òkú ṣiṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹran ara àwọn alààyè ni wọ́n ń wò lábẹ́ maikirosikóòpù láti àárọ̀ di alẹ́, láti mọ̀ bóyá kókó tí wọ́n gé lára aláìsàn jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín ni àwọn tó tún fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ lórí ikú tí òfin ń wádìí: ikú òjijì tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀, ikú ìjàm̀bá, ìpànìyàn, ìpara-ẹni, àti ikú ẹni tó wà ní àhámọ́ ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ di dókítà, yóò wá kọ́ nípa àìsàn àti ẹran ara fún ọdún mélòó kan, kí ó tó wá kọ́ ti òkú àti òfin.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá kú ni wọ́n ń yẹ̀ wò?

Rárá. Bí àìsàn tí dókítà ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀ bá pa ènìyàn, tí dókítà náà sì lè kọ ohun tó pa á sínú ìwé ẹ̀rí ikú láìṣiyèméjì, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí ilé ìwòsàn ń ṣe kí wọ́n lè lóye àìsàn tàbí kí wọ́n mọ̀ bóyá ìtọ́jú wọn ṣiṣẹ́. Ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí èyí, wọ́n sì lè sọ pé ibi báyìí ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n má kan ibòmíràn. Èkejì ni èyí tí aláṣẹ tó ń wádìí ikú pa láṣẹ, yálà adájọ́ ni aláṣẹ náà, tàbí dókítà tí ìjọba yàn, tàbí ọlọ́pàá, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ṣe wí.

Ṣé ẹbí lè kọ̀?

Wọ́n lè kọ àyẹ̀wò ti ilé ìwòsàn. Ní ti èyí tí òfin pa láṣẹ, kíkọ̀ wọn kì í sábà dá a dúró, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó fa ikú náà wà nínú ẹbí gan-an. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kí ẹbí panu mọ́. Bí ẹ̀sìn wọn bá béèrè pé kí wọ́n tètè sin òkú, tàbí pé kí wọ́n má ṣí i ju bó ti yẹ lọ, kí wọ́n sọ ọ́ ní kíákíá, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ẹni tó pàṣẹ àyẹ̀wò náà, kì í ṣe fún òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì tí kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀.

Ìgbà wo ni irú àyẹ̀wò yìí bẹ̀rẹ̀?

Ó ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, adájọ́ kan tó ń jẹ́ Song Ci kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà lórí bí a ṣe ń wo òkú fún ìdájọ́ ní ọdún 1247. Ní ìlú Bologna ní Ítálì, ní ọdún 1302, Bartolomeo da Varignana wà lára àwọn dókítà tó ṣí òkú ọkùnrin kan tí wọ́n fura pé májèlé ló pa. Ará Ítálì mìíràn, Giovanni Battista Morgagni, ló wá kó àkọsílẹ̀ nǹkan bí 700 òkú jáde ní ọdún 1761, tó fi ohun tí aláìsàn sọ nígbà tó wà láàyè wé ohun tí ó rí nínú ara rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti gbà pé àìsàn máa ń ní ibùjókòó nínú ẹ̀yà ara kan.

Kí ni wọ́n ń ṣe kí ọ̀bẹ tó kan ara?

Ohun tí wọ́n ń ṣe kí ọ̀bẹ tó kan ara pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Dókítà yóò kọ́kọ́ ka ìtàn: ta ló rí òkú, níbo, báwo ni ó ṣe dùbúlẹ̀, àwọn oògùn wo ló ń lò, kí ló ń ṣe é kí ó tó kú? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìtàn yìí ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Òkú tí a gbé wá láìsí ìtàn kankan lè fi dókítà sínú òkùnkùn, nítorí pé ohun kan náà lára òkú lè ní ìtumọ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ya àwòrán òkú pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Aṣọ kì í ṣe ohun tí à ń jù nù: ihò ọta ìbọn, ẹ̀tù, irun ẹlòmíràn, àti ibi tí ọ̀bẹ gbà wọlé máa ń wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fura pé ọta ìbọn tàbí irin wà nínú ara, tàbí bí òkú bá ti jóná tàbí tí ó ti ń jẹrà, wọ́n á fi ẹ̀rọ X-ray wò ó kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n á wọ̀n ọ́n bí ó ti ga tó àti bí ó ti wúwo tó, wọ́n á wo ojú, ètè, ẹ̀yìn etí, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná, àárín orí, àti gbogbo ẹ̀yìn ara, wọ́n á sì fi rúlà wọn ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ibi tí ó wà àti bí ó ti jìn sí àtẹ́lẹsẹ̀ tó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí ara?

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n la ara láti èjìká méjèèjì wá sí àárín àyà, kí wọ́n sì là á tààrà lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn, kí ó dà bíi lẹ́tà Y. Wọ́n á gé egungun ìhà kúrò níwájú, wọ́n á wo bóyá omi tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú àyà àti ikùn, wọ́n á sì wọn iye rẹ̀. Ẹ̀yà ara lè jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí Rudolf Virchow ará Jámánì ṣe máa ń ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tàbí kí wọ́n mú wọn jáde ní ìdìpọ̀, kí ìsopọ̀ tó wà láàrin wọn má baà já kí wọ́n tó rí i.

Wọ́n á wọn ìwúwo ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ọkàn àgbàlagbà tó le koko máa ń wà ní nǹkan bí 250 sí 350 gíráàmù. Bí ó bá wọn 600, ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà lára ohun àkọ́kọ́ tí dókítà yóò rò. Wọ́n á gé àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, láti wo ibi tí ọ̀rá ti dí wọn. Fún orí, wọ́n á la awọ láti ẹ̀yìn etí kan dé èkejì, wọ́n á fi ayùn gé agbárí, wọ́n á sì gbé ọpọlọ jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọrùn, ó sàn kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti sun kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀bẹ dókítà fúnra rẹ̀ tú jáde má baà dà bí àmì ìfúnlọ́rùn.

Iṣẹ́ yìí sábà máa ń gba wákàtí 2 sí 4. Bí ọgbẹ́ bá pọ̀, ó lè gba odindi ọjọ́.

Ṣé ojú òkú yóò bàjẹ́? Ṣé wọ́n ń dá ẹ̀yà ara padà?

Wọn kì í kan ojú bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Ibi tí wọ́n là ní orí wà lẹ́yìn, irun sì ń bò ó. Ti àyà wà lábẹ́ aṣọ. Bí wọ́n bá rán an dáadáa, ẹni tó wá wo òkú lè máà mọ̀ pé wọ́n ṣí i.

Ẹ̀yà ara ń padà sínú ara kí wọ́n tó rán an. Ohun tí wọ́n ń mú kúrò ni ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, àti ègé kéékèèké ẹran ara. Nígbà mìíràn, wọ́n nílò odindi ọpọlọ tàbí ọkàn fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Ọpọlọ tútù rọ̀ púpọ̀, ó sì ní láti wà nínú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó le tó láti gé. Ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá wọn yóò dúró dè é kí wọ́n tó sin òkú. Ìwà pípa á mọ́ fún ẹbí ti dá ìbànújẹ́ ńlá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, mi ò sì rí àwíjàre kankan fún un.

Kí ló dé tí èsì fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tí ojú rí lórí tábìlì wà lọ́wọ́ dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ègé ẹran ara ní láti rẹ nínú formalin, kí wọ́n rì í sínú ìda, kí wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, kí wọ́n sì pa á láró, kí maikirosikóòpù tó lè fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ hàn. Àyẹ̀wò oògùn àti májèlé máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èsì tó yá jù kì í ṣe èsì tó dára jù, pàápàá bí dókítà bá kọ ohun tó pa ènìyàn sílẹ̀ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé.

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tó pa ènìyàn àti irú ikú tó kú?

Ohun tó pa ènìyàn ni àìsàn tàbí ìpalára tó bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Irú ikú ni bí ohun náà ṣe wáyé: àìsàn, ìjàm̀bá, ìpara-ẹni, ìpànìyàn, tàbí èyí tí a kò lè pinnu. Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ lè jẹ́ ohun tó pa ènìyàn mẹ́rin, kí irú ikú wọn sì yàtọ̀ síra: òpó ẹ̀jẹ̀ bẹ́ fún ọ̀kan, èkejì ṣubú láti orí àkàbà, ẹ̀kẹta fò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n la igi mọ́ ẹ̀kẹrin lórí.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n kọ “ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró” sí. Kò sí òkú tí ọkàn rẹ̀ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ nǹkankan.

Ṣé àyẹ̀wò lè sọ wákàtí tí ènìyàn kú gan-an?

Ó lè sọ sáà. Kò lè sọ ìṣẹ́jú. Dókítà tó bá dúró níwájú adájọ́ tó ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ènìyàn kú, láìsí ẹlẹ́rìí àti láìsí kámẹ́rà, ti sọ ju ohun tí ara òkú lè sọ lọ.

Àmì àkọ́kọ́ ni títutù ara. Ara alààyè wà ní nǹkan bí 37°C, bí ènìyàn bá sì kú, a máa sọ pé ó ń tutù ní nǹkan bí 1°C ní wákàtí kan. Àmọ́ ìṣirò gbàǹdù-gbàǹdù ni èyí. Òkú sísanra tó wọ aṣọ púpọ̀ ń pẹ́ kí ó tó tutù, òkú inú omi ń yára tutù, bí ooru àyíká bá sì sún mọ́ 37°C, ara lè máà tutù rárá. Claus Henssge ará Jámánì ṣe àtẹ ìṣirò kan tó pa ooru ara, ooru àyíká àti ìwúwo òkú pọ̀, òun ni ọ̀pọ̀ dókítà sì ń lò. Síbẹ̀, bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ dára jù, ó ṣì lè fi wákàtí 2.8 ṣìnà síwájú tàbí sẹ́yìn.

Èkejì ni líle ara. Lẹ́yìn ikú, agbára tó ń mú kí iṣan rọ̀ padà máa ń tán, iṣan á sì le gbagidi. Ó sábà máa ń hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàrin wákàtí 2 sí 4, á kárí gbogbo ara ní nǹkan bí wákàtí 12, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru ń mú un yá, òtútù ń dá a dúró. Ẹni tó sáré tàbí tó jà kí ó tó kú lè tètè le. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀ tó sun sílẹ̀. Nígbà tí ọkàn kò bá fún ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á wọ́ lọ sí apá tó kan ilẹ̀, awọ ibẹ̀ á sì pọ́n bí àlùkò. Ní nǹkan bí wákàtí 8 sí 12, àwọ̀ náà kì í sábà ṣí kúrò mọ́. Nítorí náà, bí a bá bá òkú ní ìdùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti dúró sí iwájú rẹ̀, ẹnìkan ti yí i padà.

Bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, kòkòrò ni ó kù. Eṣinṣin ńlá lè dé láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó sì yé ẹyin sí ojú, imú, ẹnu àti ojú ọgbẹ́. Ẹni tó mọ irú eṣinṣin náà, tó mọ bí ìdin rẹ̀ ti dàgbà tó àti bí ooru ṣe rí láwọn ọjọ́ náà, lè ṣírò ìgbà tí eṣinṣin náà dé. Song Ci pàápàá sọ nípa abúlé kan tí wọ́n ti fi dòjé pa ọkùnrin kan: nígbà tí wọ́n kó gbogbo dòjé abúlé sílẹ̀, eṣinṣin rọ́ bo ẹyọ kan ṣoṣo, ẹni tó ni ín sì jẹ́wọ́.

Oúnjẹ inú ikùn ni àwọn agbẹjọ́rò fẹ́ràn jù, òun sì ni ó ṣeé gbára lé kéré jù. Ìbẹ̀rù, àìsàn àti ìrora máa ń dá oúnjẹ dúró nínú ikùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ̀jẹ̀ jáde ní imú àti ẹnu òkú, ara rẹ̀ wú, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, awọ rẹ̀ sì bó. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n lù ú pa?

Ìbéèrè yìí ló ń dá ìfura àti ìjà sílẹ̀ jù, ó sì yẹ kí gbogbo ẹbí mọ ìdáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí ìbéèrè náà kà sílẹ̀ lè wáyé lára ẹni tó sùn tí kò jí, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Àwọ̀ dúdú ní ẹ̀yìn ni ẹ̀jẹ̀ tó sun sílẹ̀. Kí dókítà lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ojú ìlù, ìyẹn ibi tí wọ́n lù lára, yóò la awọ ibẹ̀: bí ó bá jẹ́ ìlù, ẹ̀jẹ̀ yóò ti tú sínú ẹran ara, kò ní ṣeé fọ̀ kúrò. Wíwú ni afẹ́fẹ́ tí kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń pèsè bí ara ṣe ń jẹrà. Afẹ́fẹ́ náà ló ń ti omi pupa jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró gba imú àti ẹnu, òun náà ló ń ti ahọ́n àti ojú síta. Ìpele òkè awọ á wá ṣí kúrò bí ẹni tí omi gbígbóná bó. Àwọ̀ ewé tó máa ń kọ́kọ́ hàn ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe àmì májèlé. Ibẹ̀ ni ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí sì pọ̀ níbẹ̀. Èèrà àti eku náà máa ń jẹ awọ òkú, ojú ibi tí wọ́n jẹ á sì gbẹ bí ibi tí ara ti họ.

Ṣé òótọ́ ni pé irun àti èékánná ń hù lẹ́yìn ikú?

Kì í ṣe òótọ́. Awọ ló ń gbẹ tó sì ń fà sẹ́yìn, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ á wá yọ síta.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọgbẹ́ tó wáyé kí ènìyàn tó kú àti èyí tó wáyé lẹ́yìn ikú?

Ara alààyè máa ń dá ọgbẹ́ lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ á tú sínú ẹran ara, ibẹ̀ á wú, láàrin wákàtí mélòó kan sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á rọ́ dé, maikirosikóòpù á sì fi wọ́n hàn. Ọgbẹ́ ẹ̀yìn ikú sábà máa ń ṣá, kì í ní ẹ̀jẹ̀ tó jinlẹ̀. Ibi tó ti le ni ìṣẹ́jú díẹ̀ tó yí ikú ká, ṣáájú àti lẹ́yìn: ọgbẹ́ àsìkò yìí lè máà ní àmì tó dájú, dókítà tó mọṣẹ́ á sì kọ “ní àsìkò ikú”, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú ohun tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni egungun ìhà tó ṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ti àyà rẹ̀ léraléra láti jí i padà sáyé sábà máa ń ní egungun ìhà tàbí egungun àárín àyà tó ṣẹ́, ìyẹn kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni lù ú.

Ní ti àwọ̀ ojú ìlù, àwọn ènìyàn rò pé ó ṣeé fi ka ọjọ́. Ohun tó dájú níbẹ̀ kéré: bí àwọ̀ ìyeyè bá ti hàn, ó ti lé ní nǹkan bí wákàtí 18. Ju èyí lọ, ìméfò lásán ni.

Kí ni ọgbẹ́ ń sọ nípa ohun tó dá a?

Bí ohun tí kò mú bá ya awọ, bí igi tàbí òkúta, etí ọgbẹ́ á rí jákujàku, àwọn fọ́nrán ẹran ara á sì ṣì so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun mímú kì í fi fọ́nrán kankan sílẹ̀. Ọgbẹ́ tó gùn ju bó ti jìn lọ, gígé ni. Èyí tó jìn ju bó ti gùn lọ, gígún ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìjìnlẹ̀ ọgbẹ́ ka gígùn ọ̀bẹ. Ikùn máa ń tẹ̀ wọlé nígbà tí wọ́n bá gún un, ọ̀bẹ kúkúrú sì lè dé ibi tó jìn ju gígùn rẹ̀ lọ. Ọgbẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn apá sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ìbọn, ojú ibi tí ọta gbà wọlé sábà máa ń rí roboto, awọ etí rẹ̀ á sì họ yíká. Bí ìbọn bá sún mọ́ ara, èéfín àti hóró ẹ̀tù á wà lára awọ. Bí ó bá jìnnà, kò ní sí. Bí ẹnu ìbọn bá kan agbárí gan-an, afẹ́fẹ́ gbígbóná á ya awọ bí ìràwọ̀, ọgbẹ́ àbáwọlé sì lè tóbi ju ti àbájáde lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé ihò kékeré ni ti ìwọlé, ihò ńlá sì ni ti ìjáde, yóò ṣìnà níbẹ̀.

Iye ọgbẹ́ kò sì sọ iye tó pa ènìyàn. Nígbà tí wọ́n pa Julius Caesar, alákòóso Róòmù àtijọ́, dókítà Antistius ka ọgbẹ́ 23 lára rẹ̀, ó sì ní ọ̀kan ṣoṣo, èkejì tó wọ àyà, ló lè pa á.

Òkú inú omi àti òkú inú iná: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ó ti kú kí ó tó débẹ̀?

Ti iná rọrùn díẹ̀. Ẹni tó mí nínú iná máa ń ní èéfín dúdú nínú ọ̀nà èémí, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì kún fún carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín, èyí tó ń mú kí ara pọ́n bí òdòdó. Ẹni tó ti kú kí iná tó jó kò ní èyí. Apá tó ká, tí ó ná ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́, kì í ṣe àmì pé ó bá ẹnikẹ́ni jà: iná ló ń fa iṣan pọ̀. Ooru tún lè la agbárí, kí ó sì kó ẹ̀jẹ̀ jọ sábẹ́ rẹ̀, tí yóò dà bí ìlù.

Ti omi le gan-an. Kò sí àmì kan ṣoṣo tó fi dájú pé omi ló pa ènìyàn. Fóòmù ní imú àti ẹnu, ẹ̀dọ̀fóró tó wú tó sì wúwo, lè wáyé nínú àìsàn ọkàn àti nínú àṣìlò oògùn. Awọ ọwọ́ tó hunjọ kàn sọ pé òkú wà nínú omi ni. Àwọn kan ń wá ewéko àìfojúrí inú omi tí wọ́n ń pè ní diatom nínú mùdùnmúdùn egungun, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bí ó ti ṣeé gbára lé tó. Nítorí náà, dókítà á kọ́kọ́ wá gbogbo nǹkan mìíràn tó lè pa ẹni náà, á sì wo ìtàn, kí ó tó sọ pé omi ni.

Bí wọ́n bá yẹ òkú wò, ṣé gbogbo májèlé ni wọn yóò rí?

Kò sí àyẹ̀wò kan tó ń wá gbogbo májèlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé àyẹ̀wò máa ń wá ọtí àti ọ̀pọ̀ oògùn tó wọ́pọ̀. Ohun tó ṣàjèjì, ẹnìkan ní láti fura sí i kí wọ́n tó wá a. Ẹbí tó bá rí ìgò, páálí oògùn tàbí àpò oògùn kòkòrò níbi tí òkú wà, kí wọ́n má ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí.

Ibi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn ikú, oògùn máa ń tú jáde láti inú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ọkàn, iye tí a bá níbẹ̀ á sì pọ̀ ju ti ìgbà tí ènìyàn wà láàyè lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ itan. Ọtí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: kòkòrò àìfojúrí lè pèsè ọtí nínú òkú tó ń jẹrà, tí ẹni tí kò mu ún rí yóò sì ní in lẹ́jẹ̀. Omi inú ẹyinjú kì í tètè bàjẹ́, a sì lè fi í yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Bí a kò bá mọ ẹni tí òkú jẹ́ ńkọ́?

Ohun mẹ́ta ni Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, kà sí pàtàkì jù nínú àjálù ńlá: ìtẹ̀ka, eyín àti DNA. Fífi ojú mọ òkú wà lára ọ̀nà tó ń ṣìnà jù, nítorí ikú máa ń yí ojú padà, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sì lè gbà pé òkú ẹlòmíràn ni tirẹ̀. Irin tí wọ́n fi so egungun tàbí ẹ̀rọ ọkàn tí wọ́n fi sábẹ́ awọ sábà máa ń ní nọ́ńbà tó lè tọ́ka sí ẹni tó ni ín. Bí ó bá ku egungun nìkan, egungun ìbàdí máa ń sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni.

Ṣé àyẹ̀wò ṣì wúlò bí wọ́n bá ti fi oògùn tọ́jú òkú, tàbí bí wọ́n ti sin ín?

Ó wúlò, ṣùgbọ́n nǹkan ti sọnù. Formalin tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ń ba àyẹ̀wò ọtí àti ọ̀pọ̀ oògùn jẹ́, ihò tí wọ́n gbà fi í wọlé sì lè dà bí ọgbẹ́. Bí ìfura bá wà, kí ẹbí sọ ọ́ kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi oògùn kan òkú.

Nínú ilẹ̀, egungun tó ṣẹ́ àti ọta ìbọn kì í lọ. Májèlé arsenic lè wà nínú irun, èékánná àti egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà tí James Marsh, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé ọ̀nà ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1836 ni wọ́n ti ń wú òkú láti wá a. Wọ́n tún máa ń mú yẹ̀pẹ̀ ibojì fún àyẹ̀wò, nítorí arsenic wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣé ẹ̀rọ ayàwòrán lè rọ́pò ọ̀bẹ?

Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìlú Bern ní Switzerland, ní òpin àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Virtopsy, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ CT àti MRI, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo òkú. Ẹ̀rọ CT dára gan-an fún egungun tó ṣẹ́, ọta ìbọn, àti afẹ́fẹ́ tó wọ ibi tí kò yẹ. Nígbà mìíràn ó dára ju ọ̀bẹ lọ. Àmọ́ bí wọn kò bá fi omi àwọ̀ sínú òpó ẹ̀jẹ̀, ó lè ṣòro fún un láti rí òpó ọkàn tó dí. Kò rí májèlé, kò sì mọ àwọ̀. Ibi tó ti wúlò jù, ní èrò tèmi, ni kí ó sọ fún dókítà ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣí òkú kí wọ́n má rí nǹkankan?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ọkàn tí ìlù rẹ̀ dàrú lójijì lè pa ọ̀dọ́, kí ọkàn náà sì dára lójú àti lábẹ́ maikirosikóòpù. Wárápá náà lè pa ènìyàn láìfi àmì kankan sílẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá kú báyìí, dókítà lè ní kí wọ́n yẹ àbùdá ìran rẹ̀ wò, nítorí pé bí àléébù bá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ rẹ̀ lè ní in, ìtọ́jú sì wà fún alààyè.

Bí gbogbo àyẹ̀wò bá pé tí kò sí èsì, dókítà yóò kọ pé òun kò lè pinnu. Ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ èyí, adájọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ, síbẹ̀ ó sàn ju kí ó fi àrùn ọkàn dí ojú ihò lọ.

Ṣé dókítà lè ṣe àṣìṣe, ṣé a sì lè béèrè àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì?

Ó lè ṣe àṣìṣe, àṣìṣe rẹ̀ sì lè ti aláìṣẹ̀ mọ́lé. Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Stephen Goudge darí gbé ìròyìn jáde ní ọdún 2008 lórí àwọn àyẹ̀wò òkú ọmọdé tí wọ́n ṣe lọ́nà tí kò tọ́, tó sì mú kí ilé ẹjọ́ dá àwọn òbí àti olùtọ́jú kan lẹ́bi. Ohun tó fa púpọ̀ nínú rẹ̀ ni pé dókítà tí kò kọ́ iṣẹ́ ikú òun òfin dé ojú ìwọ̀n ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú tí ẹ̀rí kò gbé, àwọn tó yẹ kí ó ṣọ́ ọ kò sì ṣọ́ ọ.

A lè béèrè àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì níbi tí òfin bá ti gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe ti àkọ́kọ́. Dókítà kejì yóò bá ara tí wọ́n ti là, ẹ̀yà tí wọ́n ti gé, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dànù. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ jù ni àwòrán tí dókítà àkọ́kọ́ yà, àkọsílẹ̀ rẹ̀, àti ègé ẹran ara tí wọ́n tọ́jú sínú ìda, èyí tó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró títí èsì yóò fi jáde. Kí wọ́n kọ ìwé sí aláṣẹ tó ń wádìí ikú náà ní kíákíá, kí wọ́n béèrè pé kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀jẹ̀, ẹran ara àti àwòrán mọ́, kí wọ́n sì gba ẹ̀rí pé wọ́n rí ìwé náà gbà.